Obìnrin Tó Di Okùn Ìgbòkun Mú

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìdèrè jáde ní Igbó-Ọrà, ẹ óò kan ilé gàrí kan lọ́wọ́ ọ̀tún, tí páànù orí rẹ̀ ti pọ́n. Ibẹ̀ ni Ìbílọlá ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá. Àwọn obìnrin yòókù ń bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń yan án. Títẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ ẹ̀gẹ́ tán, tí wọ́n dà á sínú àpò, tí wọ́n to àpò léra wọn lábẹ́ irin, Ìbílọlá ni yóò di ọ̀pá jáàkì mú, tí yóò máa yí i títí omi ẹ̀gẹ́ yóò fi ṣàn jáde tán. Ní àwọn ilé gàrí mìíràn, ọkùnrin méjì ló máa ń ṣe iṣẹ́ náà.

Kò sanra. Ó kàn ga ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì nípọn. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má máa gbé ẹrù tó wúwo lójú àwọn ọkùnrin.

"Ta ni yóò fẹ́ ọ sílé?" ni ìyá náà máa ń wí.

Ọ̀rọ̀ ìyá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ. Nígbà tí Ìbílọlá pé ọmọ ogún ọdún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ẹ̀rúwà ní òun fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá mọ̀ wọ́n nílé, oòrùn yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa bàbá àgbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ìbílọlá rí i pé orúnkún ń dun bàbá náà, kò sì fẹ́ kó ṣòpò dìde. Ó di orí bẹ́ǹṣì náà mú, ó sì fà á tòun ti bàbá lórí rẹ̀ wọ abẹ́ òrùlé. Bàbá yẹn gbádùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ, wọn ò sì padà wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé gáréèjì àwọn ọlọ́kadà. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Sàláúdéènì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí ilé gàrí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹni tó fa bẹ́ǹṣì."

Ìbílọlá gbójú sókè. "Ṣé ẹ wá fi mí rẹ́rìn-ín ni?"

"Rárá o. Ọ̀nà oko ni mo máa ń gbà, ọ̀kadà mi sì máa ń rì sínú ẹrẹ̀ nígbà òjò. Mo ń wá ẹni tí a ó jọ máa fà á."

Ọdún náà kò parí tí wọ́n fi ṣe yìgì. Ọmọbìnrin wọn, Ṣàkírát, ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kìíní, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ìyá rẹ̀ dáadáa. Èmi náà sì ni mo di aago mú létí adágún lọ́jọ́ tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Odò kan wà lẹ́yìn Abúlé Akínladé tí ìjọba sé nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Omi náà kún, ó tẹ́ lọ bí ẹni tẹ́ ẹní, ó di adágún. Àwọn apẹja tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ máa ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ wọn: aṣọ fífẹ̀ tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán pọ̀, tí wọ́n so mọ́ òpó, kí afẹ́fẹ́ máa gbé wọn lọ láìfi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í figagbága. Ìgbà tí eré náà sì di ńlá, ẹgbẹ́ àwọn apẹja fi í sí ọjọ́ Ajé Àjíǹde, wọ́n sì ṣe òfin kan pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní èèyàn mẹ́rin, ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì.

Òfin dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe lò ó. Ọkùnrin kan jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó ń darí. Ọkùnrin kejì di okùn ìgbòkun mú. Wọ́n fún àwọn obìnrin méjì ní igbá, wọ́n ní kí wọ́n máa gbọ́nmi. Nínú ìwé òfin, èèyàn mẹ́rin ló ń díje. Nínú ọkọ̀, méjì ló ń díje.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún tó kọjá, ẹ̀gẹ́ ṣọ̀wọ́n nítòsí ìlú. Ìbílọlá lọ bá àwọn àgbẹ̀ tó wà ní òdìkejì adágún, ó ra àpò mẹ́fà, ó sì wọ ọkọ̀ Godwin padà bọ̀. Godwin jẹ́ apẹja, ọmọ Ìlàjẹ, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bàbá Japheth ni gbogbo abúlé ń pè é. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, àfi bí ẹja bá já àwọ̀n rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Mùstàfá tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ọ̀nà Ayétẹ̀ ló ń bá a di okùn ìgbòkun mú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Mùstàfá, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó sì mọ̀ pé ó fẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ gidigidi. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, eruku wọ imú Mùstàfá, ó sín. Ìgbà tó sín ni okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbòkun náà gbọn ara rẹ̀ pàà! Ọkọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Okùn ń fò káàkiri lókè orí wọn. Ìbílọlá na ọwọ́, ó mú un, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àpò ẹ̀gẹ́, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti igi inú ọkọ̀, ó sì dúró.

"Ẹ má fà á o!" Godwin kígbe láti ìdí ọkọ̀. "Ẹ kàn dì í mú!"

"Mo ti dì í mú!"

"Ẹ tú u díẹ̀!"

Ó tú u díẹ̀.

"Ẹ gbà á padà!"

Ó gbà á padà. Ọkọ̀ náà dìde, ó kọ orí sí èbúté, ó sì ń lọ geere. Mùstàfá fẹ́ gba okùn rẹ̀, Godwin ní kó gbọ́nmi ná. Bẹ́ẹ̀ ni Ìbílọlá di okùn náà mú títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, Godwin wo ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá, ọwọ́ ò dùn yín?"

"Kò dùn mí, Bàbá Japheth. Bó bá fà, mo dúró dè é. Bó bá dẹ̀, mo gbà á. Bí mo ṣe ń ṣe jáàkì nílé gàrí náà nìyẹn."

"Mo sín ni o," Mùstàfá wí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. "Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé mo sín."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Godwin wá sí ilé gàrí. Ó ní òun ń wá obìnrin méjì fún eré Àjíǹde, pé òun ti rí ọ̀kan. Ọ̀kan náà ni Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ ìjọ rẹ̀, aránṣọ kan ní Ayétẹ̀, òun ló sì rán ìgbòkun tuntun tí wọn óò lò. Ṣé Ìyá Ṣàkírát á gbà láti ṣe ìkejì?

"Kí n máa gbọ́nmi?"

 "A óò rí i," Godwin wí.

Ìbílọlá sọ fún mi pé ohun tó mú òun gbà nìyẹn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun kò ní lọ. Bó bá ní rárá, òun kò ní gbà á gbọ́.

Láti ìgbà náà, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pàdé létí adágún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Ìbílọlá mọ Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ ọdún méjìlélógún, tó tín-ín-rín, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Mùstàfá ti jókòó sídìí okùn kí wọ́n tó dé. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Àwọn obìnrin méjèèjì gbé igbá.

Kò pẹ́ tí ìṣòro fi bẹ̀rẹ̀. Mùstàfá a máa fa okùn bí ẹni ń fa màlúù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti rọ́ wá, á fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á mọ́ra, ọkọ̀ á sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí yóò bá fi tó ìdajì ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ á ti bó, apá á ti rọ. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, wọ́n dojú dé ní etí omi níbi tí kò jìn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fi ẹsẹ̀ rìn jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú. Moyọ̀sọ́rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mùstàfá kò rẹ́rìn-ín.

Godwin fún aṣọ rẹ̀, ó lọ gbé àpò iyanrìn méjì wá. Ó so okùn mọ́ wọn, ó gbé okùn náà gba orí ẹ̀ka igi máńgòrò kan.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó," ó wí. "Mùstàfá, fà á."

Mùstàfá fa àpò méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbé wọn dúró lókè, ó ń wo ojú gbogbo wọn. Ìbílọlá gbìyànjú rẹ̀. Àpò méjèèjì kò kúrò nílẹ̀. Ó fa ẹyọ kan, ẹyọ kan sì lọ sókè.

"Ó ti hàn báyìí," Mùstàfá wí.

"Ó hàn," Godwin wí. "Agbára rẹ pọ̀ ju ti Ìyá Ṣàkírát lọ, kò sẹ́ni tó jiyàn ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá wo ìkejì. Ẹyọ àpò kan ni kí kálukú gbé sókè. Bí mo bá ní tú, kó tú u ní ìgbọ̀nwọ́ kan. Bí mo bá ní gbà, kó gbà á padà. Kò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀."

Mùstàfá ló kọ́kọ́ ṣe é. Ó ń fi ìkánjú gbà á, ó ń fi ìkánjú tú u. Nígbà tó di ìkọkànlá, àpò náà bọ́, ó sì fọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé àpò kejì fún Ìbílọlá. Kò fi apá nìkan fà á. Ó fara tì sẹ́yìn, ó jẹ́ kí ìwúwo ara òun bá ìwúwo àpò mu, ó sì ń mí jẹ́jẹ́ láàárín "tú" àti "gbà". Moyọ̀sọ́rẹ ń kà á sókè. Ìgbà tó kà á dé mẹ́tàlélógójì, Godwin ní ó tó, pé ọ̀nà ọ̀fun ti gbẹ òun.

 Mùstàfá wo iyanrìn tó fọ́ sílẹ̀.

"Ṣé èmi ni n óò wá máa gbọ́nmi, kí obìnrin di okùn mú? Kí wọ́n rí mi láti Ayétẹ̀, kí wọ́n rí mi láti Lànlátẹ̀?"

"Mi ò ní kí o gbọ́nmi," Godwin bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Mùstàfá ti gun ọ̀kadà rẹ̀, ó ti lọ.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ délé ní Igbó-Ọrà. Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo gáréèjì ọlọ́kadà ti gbọ́ pé ìyàwó Sàláúdéènì lé ọkùnrin kúrò nídìí okùn. Wọ́n ń dá a lágara.

"Alhaja ló ń darí ilé, àbí?" ni ọ̀kan wí. "Sàláúdéènì, ta ló ń di ọwọ́ ọ̀kadà mú bẹ́ ẹ bá ń jáde?"

Sàláúdéènì bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì dá wọn lóhùn pé bó bá rẹ òun, òun á gbé e fún un. Ṣùgbọ́n ó dùn ún díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rí i lójú rẹ̀ nígbà tó wọlé, tó jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, tó ń bá a ṣa ẹ̀wà.

"Bàbá Ṣàkírát, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n fi í sílẹ̀, ẹ sọ fún mi."

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Ṣé ìwọ fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń ní kí n fi agbára yìí pamọ́ bí ẹni jí nǹkan gbé. Nílé gàrí, mo ń lò ó, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Lórí omi yẹn, nígbà tí ìgbòkun bá kún, tí mo bá gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi, inú mi ń dùn. Kò tíì dùn bẹ́ẹ̀ rí."

Sàláúdéènì dá ẹ̀wà padà sínú àwo. "Ó tán nìyẹn," ó wí. "Tẹ́ ẹ bá ń díje, èmi ni n óò gbé gbogbo gáréèjì wá wò yín. N óò kó wọn wá ní méjì-méjì lórí ọ̀kadà."

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lè díje láìsí ọkùnrin kejì. Ìbátan Godwin kan bá wọn jókòó lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti rọ́ wá, ọkọ̀ á tẹ̀, Ìbílọlá á sì ní láti tú okùn ju bó ṣe yẹ lọ kó má baà dojú dé. Godwin ṣàlàyé fún un pé ẹni tó wúwo, tí ikùn rẹ̀ sì lágbára, ló yẹ kó jókòó sí etí ọkọ̀ lódìkejì ìgbòkun, kó fi ẹsẹ̀ há abẹ́ pákó, kó sì na gbogbo ara rẹ̀ sẹ́yìn sórí omi láti mú ọkọ̀ dúró ṣánṣán.

"Iṣẹ́ Mùstàfá nìyẹn," Ìbílọlá wí.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò dúró gbọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, kó tó lọ síbi iṣẹ́, Ìbílọlá ní kí ọkọ rẹ̀ gbé òun lọ sí ibi tí Mùstàfá ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ó bá a níbi tó ti ń po sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ṣàkírát." Kò gbójú sókè.

"Mo kí ọ, Mùstàfá. Ọkọ̀ fẹ́ dojú dé lẹ́ẹ̀mẹta lánàá. A ò ní ẹni tó lè mú un dúró." Ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un gẹ́gẹ́ bí Godwin ṣe sọ ọ́. "Bí o bá kúrò níbẹ̀, èmi ò lè di okùn mú. Bí mo bá tú okùn sílẹ̀, ìwọ á ṣubú sómi. Mi ò rí ẹni tó ń gbọ́nmi níbẹ̀."

Mùstàfá gbé ṣọ́bìrì dúró. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù má baà gbọ́.

"Ẹ ní kí n na ara mi sórí omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyá Ṣàkírát, mi ò mọ omi wẹ̀."

Ìbílọlá bú sẹ́rìn-ín, Mùstàfá sì fẹ́ bínú, àfi ìgbà tó gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n o! Láti oṣù Ṣẹẹrẹ ni ẹ̀rù ti ń bà mí, mi ò lè sọ fún Bàbá Japheth!"

Moyọ̀sọ́rẹ, tó mọ omi wẹ̀ dáadáa, ni wọ́n lọ bẹ̀ pé kó kọ́ àwọn. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà ló fi kọ́ wọn ní ibi tí omi kò ju ìbàdí lọ. Àwọn apẹja fi àwọ̀n wọn sílẹ̀, wọ́n wá jókòó sí etí omi láti wò wọ́n: àwọn méjì tó tóbi jù nínú ọkọ̀ ń fi ẹsẹ̀ lu omi pẹ̀lú ìbẹ̀rù, aránṣọ kékeré sì dúró sáàárín wọn, ó di àgbọ̀n wọn mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń pariwo mọ́ wọn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀! Bùọ̀dá Mùstàfá, ẹ má mu ún, ẹ léfòó lórí ẹ̀!"

Mùstàfá mu omi púpọ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ léfòó fúnra rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run, kò fẹ́ dìde mọ́.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde pé. Ọkọ̀ méje ló tò sílẹ̀, gbogbo àwọn tó wà nínú wọn wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Èrò ti kún etí adágún láti Ìdèrè, láti Tápà, láti Ayétẹ̀. Sàláúdéènì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ: ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló lọ, tó bọ̀, gáréèjì sì ṣófo. Kẹ́ẹ̀gì pupa méjì léfòó lórí omi. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ po, kó yí ìkejì po, kó sì padà sí èbúté. Kò gbọ́dọ̀ lo àjẹ̀, àfi èyí tí wọ́n fi ń darí.

Ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù ni ti Ẹ̀rúwà, tí Láńrewájú ń darí. Tísà eré ìdárayá ni Láńrewájú, fìlà funfun ló máa ń dé, òun ló sì gba ipò kìíní lọ́dún méjèèjì tó ṣáájú. Mo fun fèrè, wọ́n ṣí.

Kí n má parọ́, ọkọ̀ Godwin kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n wà ní ipò karùn-ún nígbà tí wọ́n yí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ po. Láti èbúté, a rí Ìbílọlá nídìí okùn, ìborùn rẹ̀ tí ó so mọ́ orí gírígírí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lára igi ọkọ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ wò ó, obìnrin ni wọ́n fi sídìí okùn! Wọ́n ti pàdánù nìyẹn."

Ṣàkírát tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú padà. "Ìyá mi ni," ó wí. 

Láàárín kẹ́ẹ̀gì kìíní àti ìkejì, afẹ́fẹ́ kú. Gbogbo ìgbòkun rọ̀ wálẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́fà dúró ní ojú kan bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Nínú ọkọ̀ Godwin, Moyọ̀sọ́rẹ dìde díẹ̀ níwájú, ó ń wo omi yíká. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, láti máa sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ̀. Àwọn ló sọ ohun tí wọ́n sọ nínú ọkọ̀ fún mi lẹ́yìn náà.

"Bàbá Japheth, ojú omi ń ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn koríko ọ̀hún. Ó ń gbọ̀n."

"Ọ̀nà ibẹ̀ jìn," Godwin wí.

"Ó jìn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀."

Godwin wo ibẹ̀, ó wo ọkọ̀ Ẹ̀rúwà tó wà níwájú, ó sì yí orí ọkọ̀ sí ọ̀nà koríko. Wọ́n rọra ń sún lọ. Àwọn èèyàn létí omi ń kígbe pé wọ́n ti ṣìnà. Láìpẹ́, afẹ́fẹ́ bọ́ sínú ìgbòkun wọn lẹ́ẹ̀kan náà, gbà!

"Mùstàfá!" Ìbílọlá kígbe.

Mùstàfá ti na ara rẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ wà lórí omi, omi sì ń ta sí i létí. Ọkọ̀ tẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìbílọlá gbọ́ okùn náà bó ṣe ń gbọ̀n láti ọwọ́ rẹ̀ dé èjìká. Ó tú u, ó gbà á, ó tú u, ó gbà á. Moyọ̀sọ́rẹ ń pe afẹ́fẹ́ kí ó tó dé: "Òmíràn ń bọ̀! Ó tóbi! Ó ń bọ̀, ó dé!" Wọ́n yí kẹ́ẹ̀gì kejì po pẹ̀lú ọkọ̀ Ẹ̀rúwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn nísinsìnyí.

Láti ibẹ̀ dé èbúté, ọkọ̀ méjèèjì ń lọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Mo rí ẹni tó di okùn mú nínú ọkọ̀ Ẹ̀rúwà, ọkùnrin alágbára kan ni. Ó ti yí okùn mọ́ ọwọ́, ó ń wo apá rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ńlá kan rọ́ wá, ó tú u jù, ìgbòkun rẹ̀ gbọn jìgìjìgì, ọkọ̀ wọn sì dẹsẹ̀ dúró díẹ̀. Díẹ̀ náà ló tó. Ìbílọlá tú tirẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan, ó sì gbà á padà. Ọkọ̀ Godwin fi orí kan ilẹ̀ èbúté nígbà tí ti Ẹ̀rúwà kù bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè ọ̀kadà wọn. Sàláúdéènì wọ omi tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ láti lọ pàdé wọn. Ó ní kí ìyàwó òun máa bọ̀ kí òun gbé e. Ó gbìyànjú rẹ̀, kò lè gbé e, àwọn méjèèjì sì jókòó sínú omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìgbà tí Ìbílọlá fẹ́ ṣí ọwọ́ rẹ̀, àwọn ìka náà kò ṣí. Mùstàfá ló bá a ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láńrewájú wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó wo ọwọ́ Ìbílọlá tó ti pupa.

"Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀gẹ́ ni," Ìbílọlá wí, kò sì ṣàlàyé.

Àgbò ńlá kan ni ẹ̀bùn wọn. Wọn kò lè pín in láàyè, wọn kò sì fẹ́ tà á, nítorí náà Mùstàfá bọ́ sí i nídìí, ó ṣe bísímílà, ó sì dúńbú rẹ̀. Ìyàwó Godwin àti àwọn obìnrin abúlé gbé ìkòkò kaná. Ẹja wà níbẹ̀, gàrí wà níbẹ̀, àwọn ará Ẹ̀rúwà náà sì dúró jẹun. Ní etí iná, mo gbọ́ tí àwọn ọlọ́kadà ń bi Mùstàfá léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀ pé obìnrin ló di okùn mú. Ó ń jẹ egungun lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ wá na ẹ̀yìn yín sórí omi, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ ẹni tó di okùn mú," ó wí. "Ẹ ó rí i pé ẹ ò ní bi í bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ohun tẹ́ ẹ máa fẹ́ ni kó má sín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà yìí.

Lọ́dún yìí, ọkọ̀ mọ́kànlá ló wá. Nínú márùn-ún, obìnrin ló wà nídìí okùn. Nínú ọ̀kan, obìnrin méjèèjì ń ṣiṣẹ́ tó le, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin sì ni wọ́n gbé igbá fún, nítorí pé òun ló mọ̀ ọ́n gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n Ìbílọlá kò sí nídìí okùn mọ́. Ó ti lọ bá Godwin pé òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń darí ọkọ̀, Godwin sì ti kúrò ní ìdí ọkọ̀ fún un, ó ní orúnkún ń dun òun, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ pé kò dùn ún. Bàbá náà di okùn mú, Mùstàfá wà ní etí ọkọ̀, Moyọ̀sọ́rẹ wà níwájú.

Ìbílọlá kò tíì mọ̀ ọ́n darí dáadáa. Ó gbá kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, òfin sì ní kí wọ́n padà lọ yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wọ inú koríko lẹ́ẹ̀kan, ẹyẹ fò jáde níbẹ̀. Ipò kẹsàn-án ni wọ́n gbà. Mo dúró létí omi pẹ̀lú aago lọ́wọ́, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ọ̀nà jíjìn, kí ọkọ̀ náà tó dé.